Ara tó ń dàgbà: èwo ni ọjọ́ orí, èwo ni àìsàn? (Ìjíròrò ará Àbújá àti Òkè Ọya)

Alábòójútó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lemọ́lemọ́ láti Kubwa, Lugbe àti Mararaba, títí dé Kàdúná: àwọn òbí ń ti ilé wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ kò sì mọ èwo ni kó fọkàn sí nínú gbogbo ìyípadà tó ń rí lára wọn. Gbólóhùn tó ń ṣe wá ní jàǹbá jù ni "àgbà ló dé". Ẹsẹ̀ wú, àgbà ló dé. Kò rántí ọ̀nà ilé mọ́, àgbà ló dé. Kò jẹun dáadáa, àgbà náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́, ẹ bá wa yà á sọ́tọ̀: èwo ni ọjọ́ orí ń mú wá fúnra rẹ̀, èwo ni àìsàn tó fara pa mọ́ sábẹ́ ọjọ́ orí? Ẹ jọ̀ọ́, kí a má kó ìtàn ilé wa wá síbí. Ohun tí ẹlòmíì lè ṣe lónìí ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú iye àti ìwọ̀n rẹ̀.

Fìsíò_Lugbe
Itan ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọjọ́ orí ti ń kọ́kọ́ jí nǹkan kó tó kan irun. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ẹran tó so mọ́ egungun wa ti ń dín kù, ìdá 3 sí 8 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60. Agbára inú ẹran náà tún ń lọ kíákíá ju bí ẹran fúnra rẹ̀ ṣe ń jò lọ. Ìdí nìyẹn tí itan bàbá fi lè ṣì kún lójú, síbẹ̀ tí wọn ò lè dìde lórí ṣálángá láìdi ògiri mú.

Ìdánwò tí kò gba owó: ẹ gbé àga tí kò ní apá ti ògiri, kí ìjókòó rẹ̀ ga tó 43 cm. Kí àgbàlagbà náà ká ọwọ́ mọ́ àyà, kó máa dìde dúró ṣánṣán, kó tún jókòó, fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ ka iye ìgbà tó dìde. Ọkùnrin ẹni 70 sí 74 ọdún tí kò bá tó 12, tàbí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò bá tó 10, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ, ìṣubú sì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìdánwò yẹn náà ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀: kó dìde kó jókòó nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kó sinmi ìṣẹ́jú méjì, kó tún bẹ̀rẹ̀, títí ọ̀wọ́ mẹ́ta yóò fi pé. Ìgbà tó bá ń jókòó náà ṣe pàtàkì, nítorí náà kó má já ara rẹ̀ lulẹ̀. Kó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kí ìdí tó kan àga. Ẹni tí kò bá lè dìde rárá, ẹ fi ìrọ̀rí líle gbé ìjókòó sókè, kí ẹ máa yọ ọ́ bí agbára bá ṣe ń dé. Àyà tó bá ń dun ni tàbí èémí tó bá ń já, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Rírìn yíká estate dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò èyí. Ẹsẹ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kò gbé ẹrù tó lè fún ẹran itan lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ìdáná_Karu
Fìsíò, ẹ ṣeun. Ẹran ara kò lè kọ́ ara rẹ̀ láìsí oúnjẹ o. Ohun tí a fi ń pa àgbà lára nínú ilé wa ni ògì. Ògì láàárọ̀, ẹ̀kọ lálẹ́, nítorí "eyín ò sí". Àgbàlagbà nílò amúaradàgbà ju ọ̀dọ́ lọ: 1 sí 1.2 g fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni 60 kg, 60 sí 72 g lóòjọ́. Ẹyin kan jẹ́ 6 g. Ẹja tàbí ẹran sísè 100 g tó nǹkan bí 25 g. Ife ẹ̀wà sísè kan, nǹkan bí 15 g. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí kò lẹ́ja. Kí ẹ sì pín in sí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ẹran ara àgbà kì í jí sí ìwọ̀n kékeré. 20 g lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín.

Òkè Ọya ni àwàrà wà, èyí tí wọ́n fi sóyà ṣe, tí wọ́n ń dín ta lẹ́bàá títì. Ẹ ra èyí tí wọn kò tíì dín, ẹ sè é sínú ọbẹ̀, ó rọ̀ fún ẹni tí kò léyín. Wàrà àwọn Fúlàní náà ń bẹ. Nono ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí wọn kò bá se mílíìkì rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, àrùn lè bá a wá. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, kò sí ohun tó sàn jù ú lọ. Lúrú, tí wọ́n ń pè ní kuka níhìn-ín, ní kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀, ó sì máa ń fà, oúnjẹ á lè bá a lọ lọ́fun.

Ahọ́n àti imú ń kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn 60, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa bu iyọ̀ àti Maggi kún ọbẹ̀. Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan, ti inú Maggi pẹ̀lú, kò yẹ kó kọjá ṣíbí tíì kan (5 g). Ẹ fi irú, ata, efinrin àti ẹja gbígbẹ gbé òórùn ọbẹ̀ sókè. Imú tó ti kú yìí náà ni kò ní gbọ́ òórùn gáàsì tó ń jò tàbí ọbẹ̀ tó ti kan. Ẹ má fi ìyá nìkan sílẹ̀ ti sílíńdà.

Èyí tí kì í ṣe ọjọ́ orí: ẹni 60 kg tó fi kílò mẹ́ta jò láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láìgbìyànjú. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ọ̀dọ́_Wuse
Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu ńkọ́?

Ìdáná_Karu
Ìyẹn yàtọ̀. Dókítà rẹ̀ ni yóò wọn amúaradàgbà fún un, kì í ṣe èmi.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada
Láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, ooru Òkè Ọya kì í ṣe ti Ìbàdàn. Sókótó àti Máídúgùrì máa ń kọjá 40°C. Nǹkan mẹ́ta ló sì ti yí padà lára àgbà kí ooru tó bá a: òùngbẹ kì í tètè gbẹ ẹ́ mọ́ bí ara tilẹ̀ ti gbẹ, òógùn rẹ̀ ti dín kù, kíndìnrín rẹ̀ kò sì lè di omi mú bíi ti tẹ́lẹ̀. "Òùngbẹ ò gbẹ mí" lẹ́nu ẹni 75 ọdún kò túmọ̀ sí pé omi tó lára rẹ̀.

Obìnrin, nǹkan bíi lítà 1.6 lóòjọ́, ọkùnrin, lítà 2. Pure water 50 cl mẹ́ta lé díẹ̀ sí mẹ́rin nìyẹn, tíì àti kunu sì wà nínú ìṣirò. Ẹ má gbé ike ńlá síwájú wọn, wọn ò ní mu ún. Ife kékeré nígbà tí wọ́n bá jí, òmíràn pẹ̀lú oògùn, òmíràn lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó pọ̀ jù ti wọlé kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀, kó má tẹ̀lé èyí.

Ẹ má fún awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn wò bí a ti ń ṣe fún ọmọdé tó ń yàgbẹ́. Awọ àgbà kì í tètè padà sípò tẹ́lẹ̀, yóò tàn yín jẹ. Abẹ́ ahọ́n ni kí ẹ wò: bí ibẹ̀ bá gbẹ, tí ìtọ̀ dúdú bíi tíì, tí ọ̀rọ̀ sì ń dà rú, ilé ìwòsàn ló kàn. Nígbà tí iná bá wà, fáànù nìkan kò ran ẹni tó wà nínú 40°C lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ sí i lára. Ẹ fi aṣọ tútù nu ọrùn, abíyá àti apá rẹ̀ kí fáànù tó fẹ́ ẹ.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀rá abẹ́ awọ ti dín kù, òtútù Jọ́ọ̀sì àti Kánò a máa wọ inú egungun wọn. Aṣọ méjì tínrín lórí ara wọn sàn ju ọ̀kan tó nípọn lọ. Ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa, èéfín tí a kò rí ń pa gbogbo ilé. Òrí la fi ń tọ́jú awọ: nígbà tí ara ṣì tutù lẹ́yìn ìwẹ̀ ni kí ẹ fi pa á, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti gbẹ.

Kí n tó gbàgbé: àgbà lè ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró kí ara rẹ̀ má gbóná rárá. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá ti kọjá 25, ẹ má wo ara tó tutù.

Apòògùn_Gwarinpa
Ìwọ̀n oògùn tí bàbá ń lò ní 50 lè má yẹ wọ́n mọ́ ní 75, bí nọ́ńbà ara páálí kò tilẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn 40, iṣẹ́ kíndìnrín ń fi nǹkan bíi mílílítà kan ní ìṣẹ́jú kan dín lọ́dọọdún. Ẹ̀dọ̀ ń kéré. Omi ara dín, ọ̀rá pọ̀, nítorí náà oògùn tó máa ń sá pa mọ́ sínú ọ̀rá, bíi diazepam tí wọ́n ń lò fún oorun, á jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tó gbé e mì lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ lè torí rẹ̀ ṣubú lọ́jọ́ Àìkú.

Àyẹ̀wò creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń wo kíndìnrín, lè tan yín. Inú ẹran ara ló ti ń wá. Ẹni tí ẹran ara rẹ̀ ti jò, nọ́ńbà rẹ̀ á dára lójú nígbà tí kíndìnrín ti ń re àjò. eGFR, ìṣirò iṣẹ́ kíndìnrín tó ka ọjọ́ orí mọ́ ọn, ni kí ẹ béèrè, ṣùgbọ́n òun náà lè dára lójú ju bó ṣe yẹ lọ lára ẹni tí ẹran ara rẹ̀ ti jò.

Ìpàdé tó burú jù ní kẹ́mísì àdúgbò ni ti àwọn mẹ́ta yìí: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí orúkọ rẹ̀ parí sí -pril tàbí -sartan, oògùn tó ń mú ni tọ̀, àti diclofenac tàbí ibuprofen fún orúnkún. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ẹni tí kò mu omi tó nínú ooru tí Nọ́ọ̀sì ń sọ yẹn, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fún orúnkún, paracetamol ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ (ẹni tí kò tó 50 kg, kó má kọjá hóró 500 mg mẹ́rin lóòjọ́ láìrí dókítà), tàbí diclofenac tí a ń fi pa ara, pẹ̀lú ìdìde-jókòó Fìsíò.

Oògùn ọ̀fìnkìn àti ara yíyún tó ń mú oorun wá, bíi chlorpheniramine àti promethazine, ń gbẹ ẹnu, ń dá ìtọ̀ dúró, ń da orí rú. Glibenclamide fún àtọ̀gbẹ lè mú ṣúgà jálẹ̀ jù lára àgbà, pàápàá nígbà tí kò jẹun. Òógùn tútù àti ọ̀rọ̀ tí kò bára mu ni àmì rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sínú báàgì kan, ẹ gbé e síwájú dókítà tàbí apòògùn, kí wọ́n yọ èyí tí kò níṣẹ́ mọ́.

Ọmọ_Elégbòogi
Àgbo ńkọ́? Ẹ ò mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ ewé àti egbò làwọn baba wa fi gbó.

Apòògùn_Gwarinpa
Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú báàgì yẹn pẹ̀lú. Kì í ṣe ewé la ń bá jà. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, tó ń pàdé oògùn mẹ́fà nínú ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo ni wàhálà. Dókítà tí ẹ bá fi í pa mọ́ fún á máa ro pé oògùn tirẹ̀ ló ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada
Lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ń le bíi rọ́bà tó ti gbó, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nọ́ńbà òkè ló ń gòkè, tí ti ìsàlẹ̀ lè má kúrò níbi tó wà: 165/70, fún àpẹẹrẹ. Ẹ má wo 70 kí ẹ sọ pé ó dára. Láti 140/90 ní ilé ìwòsàn, tàbí 135/85 lórí ẹ̀rọ ilé, ó ti di ohun tí a ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí ẹ ń kọ sílẹ̀ nílé kò pé. Kó tọ̀ kó tó jókòó. Kó má ti jẹ obì tàbí mu tíì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kó má gbé ọ̀kan lé èkejì, kó dákẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Apá lórí tábìlì, ní ìpele àyà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìdúró. Èyí ni kò sí ẹni tó ń ṣe. Kó dùbúlẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ̀n ọ́n. Kó dìde, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kan àti ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 jálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, òun ló ń gbé wọn ṣubú láàárọ̀ kùtù nígbà tí wọ́n bá dìde láti ṣe àlùwàlá. Kí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n na ìka ẹsẹ̀ sókè sódò nígbà mẹ́wàá, kí wọ́n tó dúró. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú lẹ́yìn ìforíkanlẹ̀, kó kírun lórí àga, ẹ̀sìn gbà á láyè.

Balùwẹ̀ Àbújá, táìsì tó ń dán bíi dígí! Ẹ tẹ́ rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú, ẹ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri pẹ̀lú búlọ́ọ̀tì (èyí tí a ń fi táwẹ́lì kọ́ kò lè gbé ènìyàn), kí iná alágbàpadà kan máa tàn láti bẹ́ẹ̀dì dé ibẹ̀ ní gbogbo òru tí NEPA bá mú iná lọ. Bí wọ́n bá ṣubú, tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ tó sì yí síta, egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Ẹ má fà á, ẹ má wọ́ ọ.

Olójú_Kàdúná
Lẹ́yìn 40, lẹ́ǹsì inú ojú ń le, kò lè tẹ̀ mọ́ láti wo ohun tó súnmọ́ tòsí. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe. Awò ìkàwé +1.00 la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ènìyàn bá fi máa pé 60 á ti wà ní +2.50 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọjọ́ orí parí sí.

Bí ojú bá ń rí kùrukùru, tí iná ọkọ̀ lóru ní òbìrí yíká, tí àwọ̀ aṣọ ń ṣá lójú rẹ̀, lẹ́ǹsì náà kò mọ́ gaara mọ́ (cataract), èyí tí àwọn Hausa ń pè ní yanar ido. Iṣẹ́ abẹ ló ń yọ ọ́, wọ́n á fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún àwọn tó ń kiri abúlé fi abẹ́rẹ́ tì í sẹ́yìn. Ojú á ríran lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni wọ́n fi ń gba owó. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì náà ti já bọ́ sínú ojú, ìwúlé àti ìfúnpá tó ń tẹ̀lé e ni yóò fọ́ ọ pátá. National Eye Centre wà ní Kàdúná níbí.

Glaucoma ni olè tòótọ́. Kò dunni, kò pọ́n, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ wá sí àárín, ohun tó bá sì jẹ kò padà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀. Ẹni tó bá ti pé 40, kó lọ wọn ìfúnpá ojú kí wọ́n sì wo ìdí iṣan ojú. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní in, kó má dúró de 40.

Alábòójútó
Etí ńkọ́? Ilé tí ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́rin ti ń ké lẹ́ẹ̀kan náà...

Olójú_Kàdúná
National Ear Care Centre náà wà ní Kàdúná, mo lè sọ díẹ̀. Ohùn tínrín ló ń kọ́kọ́ lọ. Òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn èdè wa ń pẹ́ létí, kọ́ńsónáǹtì bíi f, s, ṣ ló ń sá. Nítorí náà ìyá á gbọ́ orin ọ̀rọ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀: "ìfẹ́" lè di "ìṣẹ́" létí wọn, ìjà dé. Kíkígbe kò ràn án, fáwẹ̀lì nìkan ni igbe ń gbé sókè. Ẹ dúró síwájú wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ojú yín, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ rọra sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé etí kan ló ṣàdédé di, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí etí: òróró ólífì ìkán méjì tàbí mẹ́ta lálaalẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, bí etí náà kò bá ti ń ṣọyún rí. Igi ìṣáná àti òwú orí ọ̀pá ń tì í wọlé sí i ni.

Agbẹ̀bí_Minna
Fún àwọn ìyá. Nǹkan oṣù sábà máa ń dúró láàárín 45 sí 55. Ooru tó ń gun ni lójijì, oorun tó ń já, ojú ara tó ń gbẹ, ti ọjọ́ orí nìyẹn. Egungun tún ń yára fọ́ńfọ́n: láàárín ọdún márùn-ún sí méje tó tẹ̀lé e, ó lè pàdánù tó ìdá 20 nínú 100. Kálísíọ́ọ̀mù 1,200 mg lóòjọ́ ni wọ́n nílò. Lúrú, wàrà àti ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun ń bù kún un. Ẹni tó bá ti fi 4 cm kúrú ju bó ṣe rí lọ, egungun ẹ̀yìn lè ti máa wó, ẹ má sọ pé ó kàn tẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn ọdún kan tí nǹkan oṣù ti dúró, bó ṣe ìkán kan péré, kì í ṣe "nǹkan oṣù tó padà". Àyẹ̀wò ilé ọmọ ni, láìjáfara.

Ìtọ̀ tó ń já nígbà tí wọ́n bá wúkọ́ tún ṣeé tọ́jú. Kí wọ́n fún ojú ara pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, kí wọ́n mú un fún ìwọ̀n kíka márùn-ún, kí wọ́n tú u. Mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá lálẹ́. Oṣù mẹ́ta ló gbà kó tó hàn dáadáa, ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ ń pa á tì.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada
Ti àwọn bàbá ni prostate, ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ó ń wú lẹ́yìn 40, ìtọ̀ á máa já wẹ́wẹ́, kò ní tán nínú. Ìwúlé lásán ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ ti jẹjẹrẹ, àwa adúláwọ̀ sì wà lára àwọn tó ń mú jù, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Ẹni tí kò lè tọ̀ rárá, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó sì ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kó gbé ẹsẹ̀ sókè fún wákàtí kan lọ́sàn-án, kí omi náà jáde kó tó sùn. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, àárọ̀ ni kó máa lò ó. Kí dókítà sì wo ohun tó wú ẹsẹ̀ náà.

Oníwòsàn_Ọpọlọ_Jọ́ọ̀sì
Orí ni gbogbo yín ń yẹra fún. Ẹ jẹ́ kí n gbé e.

Ohun tí ọjọ́ orí ń mú lọ lóòótọ́ ni ìyára. Láti ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti ń falẹ̀. Orúkọ ènìyàn á wà lórí ahọ́n, kò ní jáde, á wá jáde nígbà tí àlejò ti lọ. Ṣíṣe nǹkan méjì pọ̀ á nira: bàbá tó ń rìn, tí ẹ bi í léèrè, á dúró kó tó dáhùn (ẹni tó bá ń dúró bẹ́ẹ̀, ẹ tún ìdánwò Fìsíò ṣe fún un, torí ó súnmọ́ ìṣubú). Ṣùgbọ́n òwe, oríkì, ìmọ̀ iṣẹ́ àti làákàyè kì í bá a lọ. Ìmọ̀ ọ̀rọ̀ tilẹ̀ ń pọ̀ sí i kọjá 60.

Ṣíṣàrán kì í ṣe ọjọ́ orí. Láti 1992 ni àwọn oníwádìí ti ń tẹ̀lé àwọn àgbà Yorùbá tó ti pé 65 ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé lọ́dọọdún, àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára ìdá 1.35 nínú 100 ní Ìbàdàn, tí ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Wọ́n sì ti ṣírò ọjọ́ orí kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọdún nìkan ló ń fà á, kí ló dé tí ìlú kan fi ju ìlọ́po méjì èkejì lọ?

Ẹ má fi ìwé kíkà dán wọn wò, ọ̀pọ̀ kò lọ ilé ìwé. Ẹ fi ìyá wé ara rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ṣé wọ́n ṣì ń tọ́jú owó àjọ láìṣì í kà? Ṣé wọ́n mọ ọmọ ta ni wọ́n sọ lórúkọ lóṣù tó lọ? Ṣé wọ́n ṣì lè ṣe ọbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìfo ohun kan? Ẹni tó gbàgbé ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà kò ní àìsàn. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, tó ń bi ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan, tó ń sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ jí owó tí òun fúnra rẹ̀ fi pa mọ́, ẹ gbé e wá.

Kí a sì tó pè é ní àrán, àwọn wọ̀nyí ń jọ ọ́, wọ́n sì ṣeé wò: etí tó di, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹṣẹ́ ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ tó, fítámìn B12 tó lọ sílẹ̀ (metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, tí a lò fún ọdún púpọ̀ lè fà á), àwọn oògùn tí Apòògùn kà, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń rọra jọ sínú agbárí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ń fara sin: ọpọlọ àgbà ti sún kì díẹ̀ kúrò lára agbárí, iṣan kéékèèké tó so wọ́n pọ̀ nà tán, orí tó kan ilẹ̀kùn díẹ̀ lè já a, àmì rẹ̀ á sì hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bí orí bá dàrú láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ méjì, tó ń lọ tó ń bọ̀, àrán kọ́. Ibà, ìtọ̀ tó kó kòkòrò, ẹ̀dọ̀fóró, ara tó gbẹ, ìgbẹ́ tó há tàbí oògùn tuntun ló lè fà á. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára àgbà wa kì í wí pé "inú mi bàjẹ́". "Orí mi ń gbóná", "nǹkan ń rìn lára mi" lẹ máa gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé dé Àbújá ló ń bẹ̀rẹ̀. Ní ilé, ẹsẹ̀ wọn mọ ọ̀nà, aládùúgbò mọ orúkọ wọn, àrán tó ti ń yọ́ wọlé kò hàn. Ẹ wá kó wọn sí estate tí gbogbo ilé jọra, tí aládùúgbò ń sọ Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ lọ síbi iṣẹ́ di aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ wá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àṣàlátù tàbí ìjọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá fún wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì wọn kọjú sí ibi tó kọjú sí nílé. Ẹ kun ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àwọ̀ tó yàtọ̀. Ẹ rán nọ́ńbà fóònù mọ́ inú aṣọ wọn.

Nǹkan kan kù. Ọpọlọ tó ń ṣàrán máa ń fi ìtàn dí ihò ibi tí ìrántí ti já, kì í ṣe irọ́. Ìyá tó bá ń "jẹ́wọ́" pé òun ló pa ẹni báyìí báyìí kò jẹ́wọ́ ohunkóhun. Ẹ má gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù.

Ọ̀dọ́_Wuse
Wọ́n ń jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ńkọ́?

Oníwòsàn_Ọpọlọ_Jọ́ọ̀sì
Aago ara ló sún síwájú, ọjọ́ orí nìyẹn. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n sùn: ẹni tó sùn ní aago mẹ́jọ ti sun wákàtí méje ààbọ̀. Kí wọ́n jókòó síta nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́, aago márùn-ún sí mẹ́fà, kí oorun ọ̀sán má kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ra oògùn oorun.

Ọmọ_Àyàgi_Kánò
Ààwẹ̀ ń yọ wá lẹ́nu níbí. Bàbá aláàtọ̀gbẹ tó taku pé òun á gbà á.

Apòògùn_Gwarinpa
Kó rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú, torí wọ́n á yí ìwọ̀n àti àkókò oògùn padà. Kì í ṣe pé kó kàn gbé ti àárọ̀ sí sààrì. Wíwọn ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Bó bá bọ́ sí abẹ́ 70 mg/dL tàbí kọjá 300, kó ṣínu lójú ẹsẹ̀, bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré sí àkókò. Ẹni tí kò lè gbà á mọ́ ń bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ jẹ́ kí àlùfáà tí bàbá ń gbọ́ tirẹ̀ sọ ọ́ fún wọn, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìdáná_Karu
Ẹ dákun, ohun kékeré kan: báǹkì sọ pé ìka ọwọ́ ìyá kò gbà lórí ẹ̀rọ. Ṣé àìsàn ni?

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada
Rárá, ọjọ́ orí nìyẹn. Ilà ìka ń pẹlẹ bí awọ ṣe ń tín-ín-rín, àgàgà ọwọ́ tó ti fọ aṣọ, tó ti gún iyán fún àádọ́ta ọdún, ọyẹ́ sì tún ń gbẹ ẹ́. Kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́, kí wọ́n fi òrí díẹ̀ pa orí ìka, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ nù ún kúrò kó tó kan ẹ̀rọ. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, títẹ̀ líle ń pa ilà tó kù rẹ́. Bí àtàǹpàkò bá kọ̀, ẹ gbìyànjú ìka kẹrin ọwọ́ òsì, òun ló ṣe iṣẹ́ dín jù. Fún owó ìfẹ̀yìntì PTAD, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń san án, "I Am Alive" orí fóònù (ìjẹ́rìí pé ènìyàn ṣì wà láàyè) ń lo ojú dípò ìka. Ẹ jókòó níwájú fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ kan ojú wọn.